Ta ló jẹ owó Haiti?

Àlàó_Houston

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan dá ìjà sílẹ̀ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. A fẹ́ dáwó fún àwọn tí omíyalé lé kúrò nílé ní ìlú wa, ni alàgbà kan bá dìde pé ká má wulẹ̀ yọ ara wa lẹ́nu. Ó ní ṣebí gbogbo ayé ló dáwó fún Haiti nígbà tí ilẹ̀ mì níbẹ̀ lọ́dún 2010, ó ní bílíọ̀nù 13 dọ́là ni, àwọn olórí wọn sì gbé e mì láìfi omi lé e. Ó ní owó ìrànwọ́ kì í dé ọ̀dọ̀ tálákà láyé ńbí. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún un.

Inú mi ò dùn, àmọ́ mi ò rí nǹkan kan fi dá a lóhùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, ta ló jẹ owó Haiti gan-an?

Ṣẹ́gun Ojúlarí

Kí ló tún kù tí ẹ ń béèrè? Alàgbà yẹn ti sọ ọ́ tán. Àwọn olóṣèlú Haiti àti tiwa, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹ fún wọn ní bílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún, ilé ni wọ́n máa fi rà sí Miami.

Ìyá Ìbejì Peckham

Ṣẹ́gun, rọra. Èmi tẹ́ ẹ ń wò yìí wà lára àwọn tó dáwó. Ṣọ́ọ̀ṣì wa gbé igbá ọrẹ kiri lóṣù January yẹn, àwọn ọmọ mi fọ́ kóló wọn. Ìgbà tó di 2018 ni ìwé ìròyìn The Times tú u síta pé lọ́dún 2011, àwọn òṣìṣẹ́ Oxfam, àjọ aláàánú kan, ní Haiti ń gbé aṣẹ́wó wọ ilé tí wọ́n ń fi owó àjọ náà gbé. Ìjọba Haiti gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ Oxfam ti ìlú ọba lọ́dún 2018 yẹn kan náà.

Láti ìgbà náà, bí mo bá rí ẹni tó gbé ike ìdáwó dúró lẹ́nu ọ̀nà supermarket, òdìkejì ni mo ń gbà. Mi ò bá alàgbà yẹn jà o, ṣùgbọ́n olóṣèlú Haiti kọ́ ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn.

Bàbá Akáǹtì, Ìbàdàn

Àlàó, o ṣeun tó o béèrè. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo fi jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ ká ṣí ìwé náà wò.

Bílíọ̀nù 13 tí wọ́n ń pariwo yẹn, ìlérí pọ̀ nínú rẹ̀, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n sì fi ń kà á pọ̀. Ní March 31, 2010, àwọn orílẹ̀-èdè péjọ sí New York, wọ́n ṣèlérí owó tó lé ní bílíọ̀nù márùn-ún dọ́là fún nǹkan bí ọdún méjì àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ti gba ìlérí owó ìgbéyàwó lọ́wọ́ àwọn ẹbí rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ wá wo owó pàjáwìrì, èyí tí wọ́n ná lóòótọ́. Ọ́fíìsì aṣojú UN fún Haiti, tí Bill Clinton jẹ́ olórí rẹ̀, tí Dókítà Paul Farmer sì jẹ́ igbákejì, tọ ipasẹ̀ bílíọ̀nù 2.43 dọ́là. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọgọ́rùn-ún dọ́là ni gbogbo rẹ̀. Dọ́là 34 padà sọ́wọ́ àwọn ìjọba tó mú owó wá, wọ́n fi gbọ́ bùkátà àwọn ṣọ́jà wọn àti àwọn òṣìṣẹ́ wọn tó lọ síbẹ̀. Dọ́là 28 lọ sọ́wọ́ àwọn àjọ UN àti àwọn NGO tó wà nínú ètò UN. Dọ́là 26 lọ sọ́dọ̀ àwọn agbaṣẹ́ṣe àti àwọn NGO mìíràn. Red Cross gba márùn-ún. Mẹ́fà jẹ́ ẹrù àti iṣẹ́ tí wọn ò tú palẹ̀.

Ìjọba Haiti gba dọ́là kan.

Ṣẹ́gun, mo mọ̀ pé o ò fẹ́ràn olóṣèlú, èmi náà ò fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń kó owó tí wọn ò fi síwájú rẹ̀ jẹ? Àtúnkọ́ tó tẹ̀ lé e kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí USAID, àjọ ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, fi gbé iṣẹ́ síta, Washington àti àyíká rẹ̀ ló bọ́ sí. Chemonics ló gba èyí tó pọ̀ jù lára àwọn agbaṣẹ́ṣe. Àwọn iléeṣẹ́ Haiti fúnra wọn, ohun tó kàn wọ́n kò kún ìkúùkù.

Ṣẹ́gun Ojúlarí

Bàbá, ẹ má bínú o. Kí ló dé tí wọn ò fi owó síwájú wọn? Wọ́n mọ̀ wọ́n lólè ni! PetroCaribe ńkọ́? Venezuela ń fún wọn lépo láwìn, owó tó yẹ kí wọ́n fi ṣe ọ̀nà àti ilé ìwòsàn, nǹkan bíi bílíọ̀nù méjì dọ́là, ó pòórá. Lọ́dún 2018 àwọn ọ̀dọ́ wọn tú sí títì pé kí wọ́n sọ ibi tí owó PetroCaribe wà. Ọmọ Haiti ló pe olórí Haiti lólè, kì í ṣe èmi.

Bàbá Akáǹtì, Ìbàdàn

Òótọ́ lo sọ, mi ò ní jà ọ́ níyàn. Ẹ̀yìnkùlé lọ́tàá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Ilé ẹjọ́ tó ń yẹ ìwé owó ìjọba wò níbẹ̀ gbé àbọ̀ jáde lọ́dún 2019, iléeṣẹ́ Ààrẹ Jovenel Moïse wà nínú àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn.

Àmọ́ owó epo yẹn, àpò ọ̀tọ̀ ni. Owó ilẹ̀ mímì, àpò ọ̀tọ̀. Tó o bá da méjèèjì pọ̀, olè kan lo máa mú, èkejì á gba ojú fèrèsé lọ. Tó bá sì jẹ́ pé nítorí olè ni wọn ò ṣe fún ìjọba lówó, ṣé gbogbo àwọn búríkìlà, àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ǹtì, àwọn onímọ́tò akẹ́rù ní Port-au-Prince, olú ìlú wọn, náà jẹ́ olè ni? Kí ló dé tí iṣẹ́ ò kàn wọ́n?

Ẹnjiníà Àkúrẹ́

Ẹ jẹ́ n dá sí i níbi tó kan èmi. Ilẹ̀ tó mì ní Haiti ní January 12, 2010, ìwọ̀n 7.0 ni. Oṣù kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà, February 27, ilẹ̀ mì ní Chile, ìwọ̀n 8.8. Agbára tó tú jáde ní Chile tó ìlọ́po 500 ti Haiti. Àwọn tó kú ní Chile ò tó ẹgbẹ̀ta. Ní Haiti, ìjọba ní 316,000, àwọn mìíràn ní kò tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó bá wọn jiyàn pé ó pọ̀ kọjá àfẹnusọ.

Òótọ́ ni pé ti Haiti sún mọ́ ìlú. Lẹ́bàá Léogâne ló ti bẹ̀rẹ̀, nǹkan bíi kìlómítà 25 sí olú ìlú, kò sì jìn sísàlẹ̀ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ló pa èèyàn. Kọnkéré ni wọ́n fi ń ṣe òrùlé níbẹ̀ torí ìjì líle, bó bá jẹ́ páànù, afẹ́fẹ́ á ká a lọ. Ìyẹn dára fún ìjì. Àmọ́ kọnkéré wúwo, òpó tó gbé e sì tín-ín-rín, irin inú òpó náà dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, kò ní ìlà tí kọnkéré máa dì mú, wọn ò sì dì í pọ̀ dáadáa níbi tí òpó ti pàdé igi àjà. Tí ilẹ̀ bá ti jù ú lẹ́ẹ̀mejì, àjà á tò léra bí àkàrà. Búlọ́ọ̀kù wọn ńkọ́? Sìmẹ́ǹtì inú rẹ̀ ò tó nǹkan, ẹ máa fọwọ́ rún un di iyanrìn. Kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín o, ẹ jáde síta kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gé búlọ́ọ̀kù lẹ́bàá títì ládùúgbò yín pé mélòó ni wọ́n ń gé nínú àpò kan.

Chile ti ní òfin ìkọ́lé tí wọ́n ń tẹ̀ lé kí ilẹ̀ tó mì. Haiti ò ní. Owó tó wá lẹ́yìn ikú, tàpólì àti pákó ló rà: àwọn yàrá onípákó tí wọ́n ń pè ní T-shelter, tó lé ní 100,000, tí wọ́n sọ pé èèyàn á fi rọra dúró fún ọdún díẹ̀. Àwọn tó ṣì ń gbé inú rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ò kéré.

Àlàó_Houston

Ẹnjiníà, ẹ ṣé gan-an. Èmi náà kà á níbì kan pé Red Cross kọ́ ilé mẹ́fà péré. Ṣé irọ́ ni?

Ìyá Ìbejì Peckham

Kì í ṣe irọ́. Red Cross ti Amẹ́ríkà ni, wọ́n kó nǹkan bí ìdajì bílíọ̀nù dọ́là jọ fún Haiti. Nínú owó yẹn, ẹ rántí pé àwọn èèyàn ń fi fóònù tẹ 90999, dọ́là mẹ́wàá á kúrò lórí wọn kíá. Ní June 2015, ProPublica àti NPR gbé ìwádìí jáde pé ilé alálòpẹ́ tí wọ́n kọ́ kò ju mẹ́fà lọ. Red Cross ní àwọn ti fún èèyàn 130,000 nílé. Nígbà tí wọ́n tú iye yẹn wò, ẹni tí wọ́n fún ní tẹ́ǹtì tàbí owó ilé fún ìgbà díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹni tí wọ́n kọ́ ní bí a ṣe ń ṣàtúnṣe ilé náà wà nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kà á, èmi náà ti kọ́lé fún gbogbo ẹni tí mo ti gbà lálejò.

Nọ́ọ̀sì Flatbush

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mi ò kì í sábà dá sí ọ̀rọ̀ níbí, àmọ́ ẹ̀yin ń sọ nípa àwọn èèyàn tí a jọ ń jẹun ni. Níbi iṣẹ́ mi ní Brooklyn, tí mo bá pariwo "nọ́ọ̀sì!" lójú ọ̀nà, ọmọ Haiti ló máa pọ̀ jù nínú àwọn tó máa yíjú.

Ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ bí ẹ̀gbọ́n sí mi máa ń mú ìwé kékeré kan jáde ní gbogbo ọjọ́ tí owó oṣù bá wọlé. Ó ti kọ ọ́ síbẹ̀: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti ìyá, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ àbúrò, àpò sìmẹ́ǹtì márùn-ún, ọ̀fọ̀ tó ṣẹ̀ ládùúgbò. Yóò fa ìlà sábẹ́ ẹ, yóò kọjá sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi owó ránṣẹ́. Owó táwọn bíi tirẹ̀ ń fi ránṣẹ́ sílé lọ́dọọdún lé ní bílíọ̀nù dọ́là kan láti ọdún yẹn wá. Kò sí hòtẹ́ẹ̀lì nínú rẹ̀, kò sí mọ́tò jíìpù nínú rẹ̀, àfi iye tí ṣọ́ọ̀bù ń yọ. Ẹ sọ fún alàgbà yín pé owó ìrànwọ́ yìí ń dé ọ̀dọ̀ tálákà, ọ̀la ni wọ́n á pe ẹni tó fi ránṣẹ́ pé ó ti dé.

Àmọ́ owó kọ́ ló ń dùn mí jù. Onígbáméjì ni. Kò sí àkọsílẹ̀ onígbáméjì ní Haiti fún ó kéré tán ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní October 2010, ó bẹ́ sílẹ̀. Àwọn ṣọ́jà UN tó wá láti Nepal ní àgọ́ lẹ́bàá Mirebalais, odò kékeré kan ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ bá odò ńlá Artibonite. Ìgbẹ́ àgọ́ yẹn ni àwọn agbaṣẹ́ṣe ń gbọ́n dà sí kòtò tó ṣí sílẹ̀ gbayawu lókè odò. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ń mu omi náà, wọ́n ń fọṣọ níbẹ̀, wọ́n ń darí rẹ̀ wọ oko ìrẹsì. Ó lé ní 800,000 èèyàn tó kó o. Nǹkan bí 10,000 ló kú, nínú àìsàn tí omi tó mọ́, iyọ̀ àti ṣúgà ń gba èèyàn lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀.

Dókítà ará Faransé kan, Renaud Piarroux, tọ ipasẹ̀ àrùn náà dé àgọ́ yẹn láàárín oṣù díẹ̀. UN ń yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. December 2016 ni Ban Ki-moon, olórí UN nígbà náà, tó tọrọ àforíjì. Wọ́n ní àwọn á kó 400 mílíọ̀nù dọ́là jọ fún ọ̀rọ̀ náà, èyí tó wọlé kò tó ìdá mẹ́wàá rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó wá dáàbò bò wọ́n ló gbé e wá o.

Ṣẹ́gun Ojúlarí

Háà. Èyí tí ẹ sọ nípa odò yẹn, mi ò gbọ́ ọ rí.

Kọ́lá Kútọnu

Ẹ̀yin ará ibí, èmi ò lè dákẹ́ tí ẹ bá ń pe Haiti ní tálákà bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá a. Wọ́n gba òmìnira lọ́dún 1804, Faransé kó ọkọ̀ ogun wá lọ́dún 1825 pé kí wọ́n san 150 mílíọ̀nù francs fún àwọn tó ni oko àti ẹrú tẹ́lẹ̀. Wọ́n padà dín in kù sí 90 mílíọ̀nù. Gbèsè tí wọ́n jẹ láti fi san án, 1947 ni wọ́n tó san án tán. Ẹ wo ọdún mélòó tí owó ilé ìwòsàn àti owó òfin ìkọ́lé tí Ẹnjiníà ń sọ fi ń wọ ọkọ̀ lọ sí Paris.

Àwọn èèyàn wa pọ̀ níbẹ̀ o, ẹ má gbàgbé. Wọ́n ní ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní Nago nínú ẹ̀sìn wọn, Ògún wà níbẹ̀, Ogou ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí ilẹ̀ mì, Ààrẹ Wade ti Sẹ̀nẹ̀gà ní kí ẹni tó bá fẹ́ padà wálé máa bọ̀, òun á fún wọn nílẹ̀. Àwọn èèyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 160 gúnlẹ̀ sí Dakar lóṣù October ọdún yẹn, wọ́n sì wọ yunifásítì.

Aláròóbọ̀ Bódìjà

Ẹ kú ìjíròrò o. Ìrẹsì ni mò ń tà, ọ̀rọ̀ ìrẹsì ni mo bá wá.

Àwọn ará Haiti ń gbin ìrẹsì tiwọn, àfonífojì Artibonite tí Nọ́ọ̀sì dárúkọ yẹn gan-an ni ilé ìrẹsì wọn. Títí di bí ọdún 1985, ohun tí wọ́n ń rà láti ìta kò tó nǹkan. Nígbà tó di 1995, Amẹ́ríkà àti àwọn tó ń yá wọn lówó ní kí wọ́n gé owó ibodè orí ìrẹsì láti 50 sí 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀yin ò nílò olùkọ́ kankan láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìrẹsì Amẹ́ríkà, tí ìjọba wọn ń ran àgbẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́, wọlé gbirigbiri. Ìrẹsì Miami làwọn ará Haiti ń pè é. Àgbẹ̀ ilé ò lè tà mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ kó lọ sí Port-au-Prince láti wáṣẹ́, wọ́n lọ ń gbé inú ilé onírin dídán tí Ẹnjiníà ń sọ. Ní March 2010, Clinton fúnra rẹ̀ jókòó níwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà, ó ní ètò náà dára fún àwọn àgbẹ̀ kan ní Arkansas, ìlú òun, àmọ́ àṣìṣe ni, òun ń ru ẹrù rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ilẹ̀ wá mì. Kí ni wọ́n kó wá? Ìrẹsì! Lóòótọ́, ebi ń pa èèyàn, ẹnikẹ́ni ò ní sọ pé kí wọ́n má jẹun lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n oṣù kejì, oṣù kẹta, ẹni tó kórè tiẹ̀, tó kó o dé ọjà, ta ló máa rà á nígbà tí ọ̀fẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ààrẹ Préval ti Haiti alára lọ sí Washington lóṣù March yẹn, ó ní kí wọ́n dín oúnjẹ ọ̀fẹ́ kù, kí wọ́n fún àwọn èèyàn níṣẹ́. Ikún ń jọ̀gẹ̀dẹ̀, ikún ń rédìí. Àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ní Papaye tiẹ̀ wọ́de lóṣù June, wọ́n dáná sun irúgbìn tí Monsanto, iléeṣẹ́ irúgbìn Amẹ́ríkà, fi tọrẹ, wọ́n ní àwọn ò ní máa ra irúgbìn lọ́wọ́ òyìnbó lọ́dọọdún.

Ṣẹ́gun Ojúlarí

Ó dáa, mo ti gbọ́. Mo gbà pé àwọn òyìnbó náà jẹ nínú rẹ̀. Kí ló wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Àbí gbogbo rẹ̀ ló ṣòfò, ká kúkú gba ti alàgbà yẹn?

Nọ́ọ̀sì Flatbush

Rárá o, bọ̀dá Ṣẹ́gun. Àwọn dókítà Kúbà ti wà níbẹ̀ láti 1998, lẹ́yìn ìjì Georges. Ìgbà tí ilẹ̀ mì, wọn ò nílò ọkọ̀ òfuurufú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n gbọ́ Creole, èdè àwọn ará Haiti, wọ́n mọ ọ̀nà abúlé. Ní àkókò kan náà, ọkọ̀ òfuurufú Médecins Sans Frontières, ẹgbẹ́ àwọn dókítà aláàánú, tó kó ilé ìwòsàn alágọ̀ọ́ wá, wọ́n ní kó máa lọ balẹ̀ sí Dominican Republic torí pé àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà ló ń pàṣẹ ní pápákọ̀ òfuurufú Port-au-Prince.

Ìkejì, bí wọ́n ṣe pín ìrẹsì nígbà tó yá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mọ́tò á dé, àwọn gìrìpá ọkùnrin á fò gùn ún, ẹni tó lágbára á gbé àpò mẹ́ta, arúgbó á padà lọ́wọ́ òfo. Ìgbà tó di òpin January, WFP, àjọ UN tó ń pín oúnjẹ, bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn obìnrin ní tíkẹ́ẹ̀tì ní àdúgbò wọn lọ́jọ́ tó ṣáájú, obìnrin nìkan ló lè mú un wá gba àpò kìlógíráàmù 25. Ìjà rọlẹ̀. Àpò yẹn wúwo fún obìnrin, ọkọ tàbí ọmọ á dúró lẹ́yìn okùn láti bá a rù ú.

Ìkẹta, ilé ìwòsàn Mirebalais. Zanmi Lasante, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Haiti tó ń bá ẹgbẹ́ Dókítà Farmer ṣiṣẹ́, ló kọ́ ọ pẹ̀lú ìjọba, ibùsùn 300, iná oòrùn lórí òrùlé. Wọ́n ṣí i lọ́dún 2013. Àwọn dókítà Haiti ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ìlú kan náà tí onígbáméjì ti bẹ̀rẹ̀ ni.

Bàbá Akáǹtì, Ìbàdàn

Ẹ kíyè sí i pé ohun mẹ́ta tó sọ yìí, kò sí èyí tí àlejò ń dá ṣe níbẹ̀.

Ṣẹ́gun Ojúlarí

Nọ́ọ̀sì, ilé ìwòsàn yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́?

Nọ́ọ̀sì Flatbush

Àwọn jàǹdùkú oníbọn ya wọ Mirebalais ní òpin March 2025, wọ́n fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n, àwọn ará ìlú sá. Lóṣù April, wọ́n ní láti kó aláìsàn kúrò, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n mi tó ní ìwé kékeré yẹn ní ìbátan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó ti wà lára àwọn tí orúkọ wọn wọ inú ìwé náà báyìí.

Ṣẹ́gun Ojúlarí

Ẹ rí i? Tí kò bá sí ìjọba tó dúró, ẹ kọ́ ilé ìwòsàn oníwúrà, ìbọn á lé yín jáde.

Bàbá Akáǹtì, Ìbàdàn

Ibi tí èmi ń lọ náà nìyẹn, àyàfi pé ọ̀nà ọ̀tọ̀ lo gbà débẹ̀. Ìjọba tí wọ́n ń yọ sílẹ̀ nínú gbogbo iṣẹ́, níbo ló ti fẹ́ rí ẹsẹ̀ dúró?

Àlàó_Houston

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti tẹ gbogbo èyí jáde fún alàgbà, ó ní ojú òun ò ríran dáadáa, kí n kà á sókè lọ́jọ́ ìpàdé 😄. A ti gbà láti dáwó náà. Ohun tó kù ni pé àwọn kan fẹ́ ká ra ìrẹsì níbí, ká kó o sínú kọ̀ǹténà pẹ̀lú aṣọ.

Aláròóbọ̀ Bódìjà

Àlàó! Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo kọ? Ẹ fi owó ránṣẹ́. Ìrẹsì wà lọ́jà ìlú yín, àwọn tó ń tà á náà ni omi wọ ṣọ́ọ̀bù wọn. Ọwọ́ wọn ni kẹ́ ẹ ti rà á. Aṣọ àlòkù ńkọ́, ta ló sọ fún yín pé omi kó aṣọ lọ? Ẹ kọ́kọ́ pe àwọn ìyálọ́jà ibẹ̀, kẹ́ ẹ béèrè ohun tó kù díẹ̀ káàtó.

Bàbá Akáǹtì, Ìbàdàn

Kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n kọ rìsíìtì. Fi nọ́ńbà akápò yín ránṣẹ́ sí mi, màá bá a to ìwé owó náà kó tó di ọjọ́ ìpàdé.